Kì í Ṣe Ẹni Tó Ń Fò Nìkan: Ọ̀nà Iṣẹ́ Nínú Ẹ̀ka Òfurufú Ọmọ Ogun Ojú Omi fún Ọ̀dọ́ Ìgbómìnà

Àwọn àgbà Ìgbómìnà máa ń sọ pé inú “Ogbó mọ̀nà” ni orúkọ wọn ti jáde. Ogbó ni àdá tí ọmọ aládé tó ṣí kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ mú dání, ìtàn sì sọ pé àdá náà ló ń fi ọ̀nà han àwọn èèyàn rẹ̀ títí wọ́n fi rí ibi tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ tí ogbó mú wọn dé jìnnà sí òkun. Láti Òmù-Àrán dé etíkun Èkó, ìrìn náà ju 250 kìlómítà lọ. Òkè àti ọ̀dàn ni ojú ọmọ Ìgbómìnà kọ́kọ́ ń rí, kì í ṣe ìgbì omi.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ kí ọ̀dọ́ kan ní Òmù-Àrán tàbí Ẹ̀sìẹ́ sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ni òun fẹ́ ṣe, kí ó sì fi kún un pé bààlúù ni òun fẹ́ máa wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí bàbá yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: “Ṣé àwọn ọmọ ogun ojú omi náà ní bààlúù ni?” Ìyá yóò béèrè tirẹ̀: “Bí wọn kò bá wá jẹ́ kí o wà á ńkọ́?”

Ìdáhùn ìbéèrè bàbá rọrùn: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní bààlúù. Ìbéèrè ìyá ló wúwo, torí pé orí rẹ̀ ni ọjọ́ ọ̀la ọmọ náà dúró lé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé nínú iṣẹ́ yìí, ènìyàn yálà jẹ́ awakọ̀ òfurufú tàbí kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ronú bẹ́ẹ̀ lè fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lépa àga kan ṣoṣo, kí ọjọ́ orí tó yẹ kí ó fi wọṣẹ́ sì kọjá lọ lára rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí àga náà gbà lè ka ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ sí ọ́fíìsì tàbí ilé ẹ̀kọ́ sí ìjìyà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka òfurufú orí ilẹ̀ àti orí ọkọ̀ ojú omi ló wà. Awakọ̀ pàápàá kì í lo gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀ lófurufú.

Ológun kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a rántí pé iṣẹ́ ológun ti pẹ́ ní ìdílé Ìgbómìnà. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Kwara lónìí sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ọmọ Òmù-Àrán ni ológun tó kọ́kọ́ ṣe gómìnà rẹ̀, ìyẹn David Bamigboye. Ó wà lórí àga náà títí di ọdún 1975. Theophilus Bamigboye, àbúrò rẹ̀, náà ṣe alákòóso ológun ní ìpínlẹ̀ Bauchi àti Ọ̀ṣun. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì.

Ní ti ojú omi, Mohammed Lawal tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú ọmọ ogun ojú omi ni àwọn ará Kwara dìbò yàn ní gómìnà ní ọdún 1999, ó sì ṣe é títí di 2003. Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ Ogun Ojú Omi fúnra wọn ti wá di aládùúgbò wa: ìlú Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera wọn wà. Ọmọ tó bá sọ pé òun ń lọ síbi iṣẹ́ àwọn olómi kò sọ ọ̀rọ̀ tí etí kò gbọ́ rí.

Ẹ̀ka kékeré, ojúṣe ńlá

Ọdún 1956 ni ìpìlẹ̀ Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka òfurufú wọn kò bá a dé. Ohun tó mú un wá ni ọkọ̀ ogun NNS Aradu, tí ilé iṣẹ́ Blohm+Voss kàn ní ìlú Hamburg ní Jámánì, tó sì wọ iṣẹ́ ní ọdún 1982. Ọkọ̀ náà ní pápá kékeré tí hẹlikọ́pítà lè balẹ̀ sí àti yàrá tí wọ́n lè gbé e pamọ́ sí. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ra hẹlikọ́pítà Lynx 3 láti Bìrìtìkó kí wọ́n lè máa bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn Lynx kò fò mọ́, hẹlikọ́pítà A109 ti ilé iṣẹ́ Agusta ní Ítálì ló tẹ̀ lé wọn, lẹ́nu àìpẹ́ yìí sì ni irú rẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní AW109 Trekker dé. Ibùdó òfurufú wọn tí orúkọ rẹ̀ hàn jù wà ní Ọ̀jọ́, ní Èkó.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Etíkun Nàìjíríà gùn tó nǹkan bí 850 kìlómítà, omi tí a sì ní ẹ̀tọ́ lé lórí nà wọ inú òkun lọ ní 200 máìlì àwọn atukọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan kò lè rí ju ibi tí ojú rẹ̀ tó lọ. Hẹlikọ́pítà tó bá gbéra lórí rẹ̀ ni yóò lọ wo ọkọ̀ tí a kò mọ̀ rí, tí yóò lépa àwọn jàǹdùkú inú ọkọ̀ kéékèèké, tí yóò sì gbé ẹni tó fara pa wá sí etíkun. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2020, àjọ IMB tó ń ṣọ́ olè jíjà lójú òkun ka òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé káàkiri àgbáyé. 130 nínú wọn ló jẹ́ pé agbègbè òkun Gínì, tí etíkun wa wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ti gbé wọn lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye ìkọlù ní agbègbè náà já wálẹ̀ sí 34 láti 81. Ọdún 2021 yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò ìṣọ́ òkun Deep Blue, èyí tó ní bààlúù 2, hẹlikọ́pítà 3 àti ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀ 4, tí àwọn ológun àti agbófinró láti ẹ̀ka oríṣiríṣi ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí iye náà: 3, 2, 4. Hẹlikọ́pítà kì í pọ̀ bí mọ́tò. Bí ọkọ̀ bá kéré níye, àga awakọ̀ náà yóò kéré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ká kò kéré rárá.

Ta ló mú hẹlikọ́pítà fò?

Ẹni tó bá ti dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, yóò ti rí àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí a bá fara balẹ̀ wò wọ́n, a ó rí i pé wọn kì í ṣe ìkan náà. Òmíràn mú àdá dání, òmíràn ń lu ohun èlò orin, òmíràn jókòó jẹ́ẹ́ lórí àpótí. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ̀ pé jagunjagun nìkan kò lè di ìlú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibùdó òfurufú ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a wo ìrìn àjò hẹlikọ́pítà kan, kí a sì ka àwọn ọwọ́ tó kàn án.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, onímọ̀ ojú ọjọ́ ti wo atẹ́gùn, kùrukùru àti bí ìgbì ṣe ga tó. Onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣí ẹ́ńjìnnì wò, ó ti wo òróró, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ọkọ̀ náà yẹ ní fífò. Ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ohun kékeré. Awakọ̀ kò lè gbé ọkọ̀ tí onímọ̀ ẹ̀rọ kò fọwọ́ sí, bí ó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó. Lórí òkun, iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn ni ọ̀tá irin. Bí ọkọ̀ bá ti fò lórí omi, wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ ara rẹ̀ àti inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́ wọlé. Ọmọ ogun tó mọ iṣẹ́ ìfọ̀ yìí dáadáa ń gba ẹ̀mí là, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹlòmíràn wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ wáyà, rédíò àti rádà. Ẹlòmíràn ń tọ́jú ohun ìjà. Ẹlòmíràn ń ká aṣọ amúniléfòó àti ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí àwọn inú hẹlikọ́pítà yóò fi là bí wọ́n bá já sómi. Bí ó bá ká a lódì, àṣìṣe rẹ̀ kò ní hàn títí di ọjọ́ tí ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ẹni tó ń bu epo wà, panápaná wà, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà. Ẹni tó ń ka ẹ̀yà ẹ̀rọ tó kù nínú sítọ́ọ̀ wà pẹ̀lú, torí pé bóòtù kan péré tí kò sí lè dá hẹlikọ́pítà dúró fún oṣù kan.

Bí ọkọ̀ bá ń balẹ̀ lórí omi, ọmọ ogun kan yóò dúró ní iwájú rẹ̀, tí yóò máa fi apá méjèèjì júwe fún awakọ̀. Ojú omi kò dúró bí ilẹ̀. Ọkọ̀ ogun ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, ó sì ń yí sọ́tùn-ún sósì. Awakọ̀ kò rí abẹ́ ara rẹ̀, apá ẹni tó wà nílẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Lynx tilẹ̀ ní ìkọ́ lábẹ́ ikùn tó ń gbá irin pápá ọkọ̀ mú ní kété tó bá balẹ̀, kí ìgbì má baà gbọ̀n ọ́n dànù. Nínú hẹlikọ́pítà náà fúnra rẹ̀, ìdí ọkọ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wà. Alákìíyèsí a máa jókòó ti awakọ̀, òun ló ń ka rádà, tó ń wá ọ̀nà, tó sì ń darí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbéra. Ní Bìrìtìkó, bí Lynx kan bá bá ọkọ̀ ogun rìnrìn àjò, awakọ̀ àti alákìíyèsí ló sábà máa ń fò ó, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó sì ń tẹ̀ lé wọn láti tọ́jú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì wọn lọ.

Amẹ́ríkà: níbi tí ẹ̀wù ń sọ iṣẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ní àgbáyé ni orí àwọn ọkọ̀ ogun ńlá Amẹ́ríkà tó ń ru bààlúù. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ló ń gbé nínú ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni bààlúù tó ń rù kì í sábà ju 60 sí 75 lọ. Kí ni àwọn yòókù ń ṣe? Àwọ̀ ẹ̀wù wọn ní pápá ìbalẹ̀ ló ń sọ ọ́. Aláwọ̀ ìyeyè ló ń darí bààlúù káàkiri pápá. Ẹlẹ́wù elésè àlùkò ló ń bu epo. Ẹlẹ́wù pupa ló ń so ohun ìjà mọ́ ọn. Ẹlẹ́wù ewé ń tún ẹ̀rọ ṣe, tàbí kí ó máa bójú tó ẹ̀rọ tó ń ta bààlúù sófurufú àti okùn tó ń dá a dúró. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni olùtọ́jú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́wù aró ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń dí táyà rẹ̀. Ẹlẹ́wù funfun ń bójú tó ààbò àti ìlera.

Àwọn awakọ̀ gan-an ńkọ́? Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́, awakọ̀ a lo bí ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ bààlúù rẹ̀ tó ń lọ sójú òkun. Lẹ́yìn èyí, wọn a gbé e wá sí orí ilẹ̀, bóyá láti kọ́ àwọn tuntun, láti dán bààlúù wò, tàbí láti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Nígbà tí ó bá tún padà sójú omi, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ láti fò rárá. Wọ́n lè fi í ṣe olórí àwọn tó ń ta bààlúù sófurufú, kí wọ́n fi í ṣe igbákejì ẹni tó ń wá ọ̀nà fún ọkọ̀, tàbí kí wọ́n fi í sí yàrá ìdarí ogun. Èyí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ tí kì í ṣe ti fífò, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ni kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ kàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà náà já sí. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá àgbà lórí ọkọ̀ tó ń ru bààlúù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti gba àmì ìyẹ́ òfurufú. Ẹni náà kò sì lè dé orí àga yẹn bí kò bá mọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí fífò. Ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi, ó gbọ́dọ̀ ti jókòó ti ìwé nípa agbára átọ́míìkì tó ń gbé ọkọ̀ náà rìn, ó sì gbọ́dọ̀ ti darí ọkọ̀ ńlá mìíràn. Iṣẹ́ ilẹ̀ tó ń kùn sí nígbà èwe ni àkàbà tó gun dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí a mọ̀ sí green card lè wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní ipò ọmọ ogun lásán, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ọ̀gá ológun títí yóò fi di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá ológun. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó bá fẹ́ súnmọ́ bààlúù níbẹ̀, ibi ẹ̀rọ, epo, rádà tàbí ìtọ́jú ọkọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ìjìyà

Nílé náà, ọ̀gá ológun ni awakọ̀ ojú omi kí ó tó jẹ́ awakọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n lè rán an lọ kọ́ni, kí wọ́n fi í ṣe alábòójútó ààbò òfurufú, kí wọ́n fi í sí orílé iṣẹ́ ní Àbújá láti máa ṣètò owó àti ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ti ń fi rádà àti kámẹ́rà ṣọ́ òkun, irú ètò Falcon Eye tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021. Bí ó bá fẹ́ ga sí i, yóò gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Jaji kọjá, níbi tí ìwé àti èrò jinlẹ̀ ti ń ṣe ohun tí ọwọ́ àti ojú kò lè ṣe.

Ìdí mẹ́ta ló mú mi gbà pé ó yẹ kí ọ̀dọ́ fẹ́ràn apá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni ara. Ojú, etí, ọkàn àti ẹ̀yìn awakọ̀ ni dókítà ń yẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Àìsàn kékeré tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé lè fi ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì lè dá awakọ̀ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀ka náà yóò kàn yí àga padà ni, kò ní pàdánù ayé rẹ̀.

Èkejì ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀yà ẹ̀rọ bá wọ́n, tí hẹlikọ́pítà bá jókòó sílẹ̀, kò sí ohun tí awakọ̀ yóò wà. Onímọ̀ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò, ó sì ní iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò bá fò. Pẹ̀lú bí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò máa darí ohun tó ń fò lọ́la yóò ṣe é láti orí àga nínú yàrá, níwájú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kẹta ni ìgbẹ̀yìn. Ológun a máa fẹ̀yìn tì nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ bààlúù, ẹni tó mọ ìdarí òfurufú, ẹni tó mọ ètò ààbò àti sítọ́ọ̀ lè rí iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi hẹlikọ́pítà gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà náà kò ṣí fúnra rẹ̀: àwọn iṣẹ́ bíi títún bààlúù ṣe ní ìdánwò àti ìwé-àṣẹ tí àjọ NCAA ń béèrè. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ogun yóò ti máa kọ gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe sílẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́, kò ní dúró di ọdún ìkẹyìn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Báwo ni ọmọ Òmù-Àrán ṣe lè dé ibẹ̀? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ogbó tí yóò sì la ọ̀kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, NDA, tó wà ní Kaduna láti ọdún 1964. Ọmọ tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ yóò ṣe ìdánwò JAMB, yóò yan NDA gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́, yóò sì ṣe ìdánwò àti àyẹ̀wò tiwọn. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà, oyè fásitì sì wà nínú rẹ̀. Ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti físíìsì kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú fún ẹni tó bá yan ojú omi.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tó ti jáde fásitì. Ọmọ Ogun Ojú Omi a máa gba àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ́ńjìnníà, ìṣègùn, òfin, ìròyìn, ẹ̀kọ́ kíkọ́ni àti ètò ohun èlò láti ṣe ọ̀gá ológun fún iye ọdún kan. Níhìn-ín ni ilẹ̀ wa ti ní àǹfààní. Fásitì Landmark wà ní Òmù-Àrán láti ọdún 2011, wọ́n sì ń kọ́ni ní ẹ́ńjìnníà ẹ̀rọ àti ti iná mànàmáná níbẹ̀. Ní KWASU ní Malete, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnníà bààlúù gan-an. Ẹni tó gba oyè níbẹ̀ ti súnmọ́ hẹlikọ́pítà ju ẹni tó kàn ń wo fídíò rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ.

Ọ̀nà kẹta ni ti ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá, tó ń fi ìwé ẹ̀rí girama tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọlé. Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́wọlé wọn wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́, bí irú èyí tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnníà wọn ní Sapele. Ọmọ tó bá ti fi ọdún díẹ̀ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí iṣẹ́ wáyà kí ó tó lọ kò lọ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti ológun náà wà: NCAT ní Zaria, tó ń kọ́ awakọ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ àti adarí òfurufú, àti ilé ẹ̀kọ́ òfurufú ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n kí ó yé òbí pé ìwé-àṣẹ awakọ̀ láti irú ibẹ̀ kì í ṣe ìwé ìgbaniwọlé sí iṣẹ́ ológun.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi kì í ṣe títà. Ọ̀fẹ́ ni, ìkànnì wọn ni a ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá sọ fún ìdílé kan pé òun mọ ọ̀gá kan ní Àbújá, pé kí wọ́n mú owó wá kí òun lè bá wọn “mú àyè” fún ọmọ wọn, jìbìtì ló ń lù. Ilẹ̀ bàbá tí wọ́n bá tà tìtorí rẹ̀ kò ní padà, ọmọ náà kò sì ní wọlé.

Ọ̀rọ̀ fún òbí àti fún ọmọ

Láti ìgbà tí ìròyìn Tolulope Arotile, ọmọbìnrin Ìjùmú tó kọ́kọ́ jẹ́ obìnrin awakọ̀ hẹlikọ́pítà ogun ní ẹ̀ka Ọmọ Ogun Òfurufú, ti tàn kálẹ̀ ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ti mọ̀ pé àga náà kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ikú mú un lọ ní oṣù keje ọdún 2020, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tó ṣí kò tì. Kí òbí má ṣe sọ fún ọmọbìnrin pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀ pé: “Kí ni ọwọ́ rẹ fẹ́ràn láti ṣe?”

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tó fẹ́ràn láti tú rédíò palẹ̀ kí ó tún un tò yàtọ̀ sí ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò, òun náà yàtọ̀ sí èyí tó lè fọkàn balẹ̀ nígbà tí ariwo bá sọ. Gbogbo wọn ní àyè. Kí wọ́n tètè lọ yẹ ojú wò, pàápàá bóyá ojú náà lè ya àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀, torí pé kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni èyí kàn. Ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ wáyà náà nílò rẹ̀. Kí wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí yóò mú ọmọ jìnnà sílé: Èkó lónìí, Warri lọ́la, Calabar lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ra gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”.

Nígbà náà, ìdáhùn ìbéèrè ìyá wa rèé. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ọmọ wa wà á, ó lè tún un ṣe. Ó lè júwe ọ̀nà fún un, ó lè tọ́jú ẹni tó wà á, ó sì lè kọ́ àwọn tí yóò wà á lọ́la. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí ó wà á, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sọ̀ kalẹ̀ kí ó tún ṣe ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹyẹ tó fò títí, ilẹ̀ ni yóò ti jẹun.